Ẹsẹ̀ Òsì Ilé Alámọ̀

Adìẹ ni fìtílà ìjọba kọ́kọ́ wò. Àgbébọ̀ kan ń yan lọ lẹ́bàá ògiri, ìmọ́lẹ̀ fìtílà náà sì tẹ̀ lé e títí ó fi kó sábẹ́ àká. Ohùn kan jáde nínú rẹ̀, ohùn obìnrin tí kò dàgbà tí kò sì kéré.

"Ẹsẹ̀ àìmọ̀. Mú ìka wá."

"Parẹ́," ni ọkùnrin tó gbé e dání wí.

"Ó ti parẹ́," ni fìtílà dáhùn. Lẹ́yìn náà ló wá yí ojú padà, tó ń wo ẹsẹ̀ Ìbíyẹmí.

Ìbíyẹmí kò mira. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé bí nǹkan yẹn bá ń woni, kí èèyàn ṣe bí igi ló dára. Igi kì í jẹ̀bi. Ó kó ọwọ́ méjèèjì tó kún fún amọ̀ sábẹ́ ìborùn. Àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ tó gbọ́ yẹn pamọ́ sínú: a jẹ́ pé ohun tí fìtílà bá rí, ẹni tó gbé e dání lè pa á rẹ́.

Ọkùnrin náà kò tètè wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó ń wá ojú ihò ejò. Ọ̀gbẹ́ni Láníhún ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ Ààbò Ogún-Ìran ló rán an wá sí Àbàtà Tuntun. Nígbà tó wò ó tó, ó kí wọn bí òfin ṣe ní kí á máa kí oníṣẹ́ ọwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. N kò wo ọwọ́ yín."

"Ọwọ́ wà lábẹ́ aṣọ," ni Ìbíyẹmí fèsì. "Ẹ wọlé, ọ̀gá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kíra wọn láti ìgbà tí Òfin Ìran ti dé. Oníṣẹ́ kankan kì í ṣiṣẹ́ níta mọ́. Káfíńtà ń rẹ́ pákó lẹ́yìn aṣọ ìkélé, alágbẹ̀dẹ ń rọ irin nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, àwọn abiyamọ sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọmọ wọn bí wọ́n bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà aránṣọ. Ohun tí ìyá rẹ kò bí mọ́ ọ, má ṣe é. Ara ògiri ilé-ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹni tó bá sì ṣe é ńkọ́? Ìbíyẹmí kò ní láti ronú jìnnà. Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí Ìyá Onídìrí lẹ́nu ọ̀nà òdìkejì, tó jókòó sórí àpótí, tí àbúrò rẹ̀ ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Irun kan ló dì, irun tó rí lórí àlejò tó wá síbi ìkómọ. Ó wò ó, ó wù ú, ó sì dì í sórí ọmọ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ìjọba ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, aláwọ̀ eérú, ó mọ́ ọn lọ́wọ́ bí awọ ara. Bí ìka rẹ̀ bá ti fẹ́ gbéra ṣe nǹkan kan, ìbọ̀wọ́ náà á le gan-an bí òkúta. Kò lè di irun mọ́. Kò lè ró ìró pàápàá.

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú agboolé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ rèé, ẹni àádọ́ta ọdún ó lé, tó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré. Ọlátóún, ọmọ bíbí inú rẹ̀, jókòó sórí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, bàtà ìlú ńlá ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí òfin ní kí ọmọ ẹ̀jẹ̀ wà nílé bí fìtílà bá ń bọ̀. Ẹni kẹta ni Àwẹ̀ró, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọkọ rẹ̀ wà lórí adágún tí ìjọba sé, nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó pọn Kóyè, ọmọ wọn, kò sì tíì gbójú sókè láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́.

Láníhún yọ ìkòkò kan nínú àpò, ó gbé e kalẹ̀ láàárín wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

"Ìyá, ta ló mọ èyí?"

Ìbíyẹmí mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ló tò ó mọ́ àwọn tó lọ sọ́jà. Ó fi ọwọ́ yí ẹnu rẹ̀ po lọ́jọ́ náà, ó kan ibi kan tó rì díẹ̀, ibi tí omi ń gbà dà tí kì í ro sára ìkòkò, tí àwọn oníbàárà sì fi ń dá ìkòkò Ilé Alámọ̀ mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún. Bí wọ́n bá ní kó búra, ì bá búra pé òun lòun mọ ọ́n. Àfìgbà tí iṣẹ́ dé láti Ilé-iṣẹ́ Ààbò, pé fìtílà kékeré tí wọ́n so mọ́ àtíbàbà rẹ̀ kò rí ìgbà tí wọ́n mọ ìkòkò yìí. Ó wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró wo ilẹ̀. Ó parí.

Kò bi í léèrè títí di òní, Àwẹ̀ró náà kò sì jẹ́wọ́. Ẹni tó bá béèrè ti mọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì mọ̀ tí kò fẹjọ́ sùn, ìbọ̀wọ́ kan náà ni. Láyé ìyá ìyá rẹ̀, ìyàwó ilé gan-an ló ń gba iṣẹ́ amọ̀ lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Ọmọ bíbí á lọ sílé ọkọ rẹ̀, ìyàwó á dúró ti odó. Nísinsìnyí, òfin gba ìyàwó láyè kó pọn omi, kó gún amọ̀, kó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Àwẹ̀ró ti ń gún amọ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé yẹn láti ọdún tó ti wọlé. Ta ló mọ iye ihò tó wà lára aṣọ?

Ìbíyẹmí tún ń ronú pé, ta tiẹ̀ ló pe àwọn èèyàn yìí? Ikú ilé ní í pani. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo Ọlátóún, tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń wo èékánná ara rẹ̀.

"Èmi ni mo mọ ọ́n," ló wí.

"Níbo?"

"Ẹ̀yìnkùlé."

"Lẹ́yìn fìtílà nìyẹn." Láníhún kò gbé ohùn sókè. "Ìyá, ẹ mọ nǹkan tí wọ́n ń fi sí ọwọ́ ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fìtílà?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mò ń rí i lójoojúmọ́."

Ọkùnrin náà wo òdìkejì, ó rí Ìyá Onídìrí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní irọ́ ìyá dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò rìnrìn àjò wá láti wá gbọ́ irọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún wọn bí gbogbo wọn ṣe máa ń rò ó: pé láyé àwọn ìyá wọn àgbà, ẹ̀rọ máa ń wo ọwọ́ èèyàn ṣe iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa ṣe é lọ títí láé, láìjẹun, láìsùn, títí oníṣẹ́ ọwọ́ fi di alágbe. Ilé-ẹjọ́ ló gbà wọ́n sílẹ̀, tó ní iṣẹ́ ọwọ́ ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ bí àwọ̀ ojú ṣe ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, àti pé ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́. Ẹ̀yin gan-an la ṣe òfin yìí fún, ló wí. Ìbíyẹmí mirí. Ó mọ̀. Ìyá rẹ̀ jó lọ́jọ́ tí òfin náà dé.

"Ẹsẹ̀ ni yóò sọ òótọ́," ni Láníhún fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Gbogbo obìnrin ilé yìí ni yóò mọ ìkòkò lójú fìtílà. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe, kí fìtílà lè rí ohun tí yóò fi wọn àwọn yòókù."

Ìbíyẹmí wo ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

Ilé Alámọ̀ kì í yí ìkòkò, àwọn ni wọ́n ń yí i ká. Amọ̀ á wà lórí odó, obìnrin á tẹ̀ ba, á fi àkísà tútù di ẹnu ìkòkò mú, á sì máa fi ẹ̀yìn rìn yí i po. Bó bá ti dé apá ìwọ̀-oòrùn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á gbéra sókè bí ẹni tó ń ré nǹkan kọjá, ọwọ́ rẹ̀ á sì rì díẹ̀ lára amọ̀. Ibi tí ó rì yẹn ni omi ń gbà dà. Kódà lójú títì, ẹsẹ̀ yẹn a máa gbéra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Nígbà tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn ilé sílẹ̀, wọ́n bi ìyá Ìbíyẹmí léèrè pé kí ni àmì tiyín. Obìnrin náà ní ẹsẹ̀ wa ni, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà, a kì í mọ ìgbà tó ń gbéra. Wọ́n kọ ọ́ sínú fìtílà: ẹsẹ̀ Alámọ̀, àmì ẹ̀jẹ̀.

Òkúta ni.

Ní Àbàtà àtijọ́, tó ti wà lábẹ́ adágún báyìí, òkúta kan rì mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá ìyá ìyá rẹ̀, lápá ìwọ̀-oòrùn odó. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí, wọn kò rí ìdí rẹ̀. Ìyá àgbà wá ń gbé ẹsẹ̀ ré e kọjá bó bá ń mọ ìkòkò. Ìbíyẹmí fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, èékánná àtàǹpàkò òsì rẹ̀ kò hù tààrà mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí omi dé, tí wọ́n kó wá síbi ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ yìí, òkúta kò bá wọn wá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá àgbà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbéra. Ìyá Ìbíyẹmí wo ẹsẹ̀ náà, ó ń gbé tirẹ̀. Ìbíyẹmí wo ti ìyá rẹ̀. Gbogbo àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ òkúta náà ti kú tán, ó ku òun nìkan.

Ọlátóún sì rèé. Ilé-ìwé ìlú ńlá ló gbé dàgbà. Imú ìyá àgbà ló wà lójú rẹ̀, àlàfo eyín ìyá àgbà ló wà lẹ́nu rẹ̀, bó bá ń bínú ohùn ìyá àgbà ló ń jáde. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Bó bá yí odó ká, yóò rìn ín tààrà bí ẹni tó ń lọ sọ́fíìsì, fìtílà yóò sì ní ẹ̀jẹ̀ ilé yìí ti bàjẹ́, wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwẹ̀ró yóò rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbéra, wọn yóò sì fi ìbọ̀wọ́ sí i lọ́wọ́, ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Bí òun Ìbíyẹmí bá sì la ẹnu sọ pé òkúta ni, a jẹ́ pé ilé àwọn kò ní àmì mọ́, ìyá òun sì di òpùrọ́ nínú sàréè.

Ó bọ́ sídìí odó. Kí ni yóò ṣe?

Láníhún gbé fìtílà kọ́ sórí òpó àtíbàbà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló darí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fọkàn tán ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ ṣẹjọ́. Ó ní kí Ìbíyẹmí ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, òun náà tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí Ìbíyẹmí ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn lòun náà ń fi ẹ̀yìn rìn. Bó bá yára, á yára. Bó bá dúró láti ki àkísà bọ omi, á dúró. Wọ́n yí i, wọ́n yí i. Ìbíyẹmí rò pé ó jọ ẹni tó ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹ̀rù kò jẹ́ kó rín in.

Ó ti fẹ́ parí ẹnu ìkòkò náà nígbà tó rí i. Bàtà dúdú Láníhún gbéra ní ìwọ̀-oòrùn odó. Díẹ̀ ni. Bàtà òsì.

Ó rò pé ojú òun ni. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ gbéra, bàtà ọ̀gá náà gbéra tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà kò sì mọ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ó ń ṣọ́ olè.

"Ẹsẹ̀ Alámọ̀," ni fìtílà wí nígbà tí Ìbíyẹmí gbọ́wọ́ kúrò. "Ẹnì kan. Mú ìka wá." Abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ gún un. "Ẹ̀jẹ̀ Alámọ̀. Ó bára mu."

Ìbíyẹmí nu ọwọ́ rẹ̀ nù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ni fìtílà kà. Bàtà yẹn kò tíì ga tó. Òwe kan wá sí i lẹ́nu, èyí tí wọ́n ti yọ kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ó gbé e mì.

"Ọmọ ẹ̀jẹ̀ ló kàn," ni Láníhún wí, ó kọjú sí Ọlátóún.

"Ẹ jẹ́ kí ìyàwó kọ́kọ́ ṣe é, ọ̀gá."

Àwẹ̀ró gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ bí ẹran ṣe ń wo ẹni tó ti ń bọ́ ọ tipẹ́.

"Ìyá mi," ni Ọlátóún wí wẹ́lẹ́, "kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

Ìbíyẹmí wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa, ó ń wá ẹ̀rín ẹni tó fẹjọ́ sùn níbẹ̀, kò rí i, ẹ̀rù nìkan ló rí. Ó dára. Ó yíjú sí Láníhún. "Kó mọ àmù. Nínú ìkòkò kékeré, ẹsẹ̀ olè lè fara pamọ́. Kò lè fara pamọ́ nínú àmù. Ẹ ṣáà ṣọ́ ọ dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọkùnrin náà. Ó ní ìyá ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbà nísinsìnyí.

Àwẹ̀ró tú Kóyè sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e fún Ọlátóún. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, nítorí náà orúkọ tó fún un lọ́jọ́ tó wọlé ló fi pè é.

"Eyínafẹ́, ẹ bá mi gbé e. Ẹ wo bí mo ṣe ń so ọ̀já rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ó máa pọ̀n ọ́n láti òní lọ."

Ó lọ. Kò tiẹ̀ gbìyànjú láti ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìbíyẹmí kò rí i rí kó máa mọ ìkòkò, ó sì rọra ń wò ó bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú omi. Bó ṣe ń tẹ̀ ba, bó ṣe ń fi ahọ́n kan eyín bí amọ̀ bá fẹ́ ya, kódà bó ṣe ń mí, tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ta ló bí èyí, tí kì í ṣe òun? Ẹsẹ̀ òsì gbéra. Láníhún rí i, ó mirí, ó tẹ̀ ba sí i, ó ń fi ẹ̀yìn rìn tẹ̀ lé e. Àmù kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Wọ́n yí i títí oòrùn fi wọ abẹ́ àtíbàbà, òógùn ń kán lágbọ̀n ọ̀gá sórí ilẹ̀. Bàtà dúdú ti ń gbéra dáadáa báyìí. Ó ń ga. Ó ń bá ti Àwẹ̀ró gbéra pọ̀, ó sì ń bá a balẹ̀ pọ̀, bí ẹsẹ̀ àwọn tó jọ ń gún iyán.

Àwẹ̀ró gbọ́wọ́ kúrò.

"Ẹsẹ̀ Alámọ̀," ni fìtílà wí. "Ẹni méjì."

Ìdí fìtílà náà là, ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ eérú rọra yọ jáde bí ìgbín. Àwẹ̀ró na ìka. "Ẹ̀jẹ̀ àjèjì," ni fìtílà wí. Láníhún nawọ́ kí ó mú ìbọ̀wọ́ náà, ó sì rí i pé oríṣi méjì ló jáde. Ọ̀kan mọ níwọ̀n ọwọ́ obìnrin. Èkejì tóbi.

"Ẹnì kejì, mú ìka wá."

"Ta ni ẹnì kejì?" Láníhún wo Ọlátóún.

"N kò dìde o, ọ̀gá. Ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi."

Ìmọ́lẹ̀ fìtílà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ilẹ̀. Ó kọjá lára odó, ó kọjá lára àgbébọ̀ tó ti jáde padà, ó dé ibi bàtà dúdú, ó sì dúró síbẹ̀.

"Mú ìka wá."

Láníhún sún sẹ́yìn. Bó ṣe ń sún sẹ́yìn, bàtà òsì rẹ̀ gbéra sókè bí ẹni tó ń ré nǹkan kọjá. Lójú gbogbo wọn ni. Òun náà rí i. Ó dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó bá ejò nínú bàtà.

"Parẹ́," ló wí.

"Ó ti parẹ́." Àwọn ìbọ̀wọ́ wọlé padà.

Ó fi fìlà nu ojú. Ó ní wọn yóò tún un ṣe, òun yóò dúró lókèèrè lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ tún un ṣe, ọ̀gá," ni Ìbíyẹmí wí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun, kò lè dá a padà. "Àmọ́ ẹ ó rìn lọ sídìí ọkọ̀ yín. Ẹ ó rìn wọ ọ́fíìsì yín. Ṣé kò sí fìtílà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ ni?"

Láníhún rìn láti ìdí òpó dé ìdí àká, ó ń fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra bí ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ gbéra.

"Nígbà wo ló máa ń kúrò lára èèyàn?"

"Ìyá mi dàgbà kó tó kú. Kò kúrò."

Ọkùnrin náà wá bá a, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí Ìbíyẹmí ń gbóòórùn òógùn rẹ̀. "Ìyá, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Ó lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n ló wà nínú ìdáhùn sí ìyẹn. Ìbíyẹmí ní, "Ọ̀nà kan wà. Bí àmì yẹn bá kúrò nínú àwọn fìtílà, ẹsẹ̀ yín á di ẹsẹ̀ lásán."

"Àmì ẹ̀jẹ̀ kì í kúrò láìnídìí. Wọn yóò bi mí."

Ìbíyẹmí wo Àwẹ̀ró, tó dúró síbẹ̀ tí amọ̀ ń gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó na ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú bí ẹni tó ń dágbére fún wọn. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nínú sàréè. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà òsì, ó sì fi èékánná wíwọ́ yẹn han ọ̀gá náà.

"Òkúta ni," ló wí, ó sì sọ ọ́ fún un, láti Àbàtà àtijọ́ títí dé ọjọ́ tí wọ́n wá béèrè àmì. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń wo ojú rẹ̀. "Òkúta ló kọ́ ìyá ìyá mi. Ojú ló kọ́ àwa. Ẹ̀jẹ̀ wa kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọ mi rèé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, ẹ ní kó rìn kí ẹ wò ó."

Láníhún kò ní kí Ọlátóún rìn.

"Ẹ mọ ohun tí ẹ sọ yẹn, ìyá? Kì í ṣe tiyín mọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè ṣe é. Ẹ̀rọ pàápàá lè ṣe é."

"Mo mọ̀."

Ó kọjú sí fìtílà. "Ẹsẹ̀ Alámọ̀. Òkúta ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Parẹ́."

Ìmọ́lẹ̀ fìtílà ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn, bí ẹni tí kò gba ohun tí wọ́n sọ fún un gbọ́. Lẹ́yìn náà ni fìtílà kékeré tó wà lábẹ́ àtíbàbà kú fúnra rẹ̀.

"Ó ti parẹ́," ni ohùn náà wí.

Láníhún kó ẹrù rẹ̀. Kò gbé ìkòkò ọjà yẹn. Ó fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Kò sì kí wọn bí òfin ṣe wí. Ó kàn wo Ìbíyẹmí fún ìgbà pípẹ́, obìnrin náà sì wò ó, bí àwọn méjì tí okùn kan so mọ́ra lọ́rùn, tí kálukú ń ronú ẹni tí yóò kọ́kọ́ fà á. Ó jáde. Lẹ́nu ọ̀nà agboolé, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò sí ohunkóhun, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbéra, ó sì ré e kọjá.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síbi tó wà. Ìbíyẹmí lọ síbi aṣọ ìkélé láti fà á, nítorí ó ti mọ́ ọn lára, ó dì í mú, kò fà á. Ó ń wo òdìkejì, ibi tí àbúrò Ìyá Onídìrí ti fi ṣíbí sílẹ̀, tó na ọrùn síhìn-ín, tó ń wò wọ́n láìbojú.

Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Ọlátóún ti dìde lórí odó. Ó ti so Kóyè mọ́ ẹ̀yìn bó ṣe rí i tí Àwẹ̀ró ń so ó, ó ti bọ́ bàtà ìlú ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dúró ní ìwọ̀-oòrùn àmù tútù yẹn. Ó rò pé kò sí ẹni tó ń wo òun. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè díẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ó tún un gbé.